Ibi tí à ń gbé nọ́sìrì tábà sí ní Ìpàpó, àti omi tí ó ń mu

 

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí ó ti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tí ó padà sí Ìpàpó láti máa dáko, fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ tòmátì àti ọmọ ata ni, nínú bẹ́ẹ̀dì tí ó tò lọ rẹrẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì. Àmọ́ gbogbo wọn ti sorí kọ́. Ó ní: "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó. Àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin ín. Tí oòrùn bá ti mú díẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á dojú bolẹ̀. Tó bá di alẹ́, á tún jí. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Àwọn kan ò tiẹ̀ jí mọ́." Owó tó fi ra irúgbìn náà, ó yá a ni. Ó sọ iye rẹ̀ fún mi. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Mo béèrè ibi tí ó gbé nọ́sìrì náà sí. Ó ní ẹ̀gbẹ́ odò kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú ni, ibi pẹrẹsẹ kan lábẹ́ igi irú méjì, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, omi kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí i. Mo ní kí ó ya àwòrán àwọn igi náà ránṣẹ́. Nígbà tí mo rí wọn, mo gbé fóònù kalẹ̀. Mo mọ ibẹ̀. Mo ti ru omi síbẹ̀ rí, ní àwọn ọdún 1960, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sáyẹ́ǹsì ilẹ̀. Nọ́sìrì tábà bàbá mi ni, kí ó tó di ti bàbá mi, ti ẹ̀gbọ́n wọn ni.

Kí ló wá kan tábà nínú ọ̀rọ̀ tòmátì? Ẹ fara balẹ̀. Ó kàn án gan-an.

Tábà kì í ṣe àlejò ní Òkè-Ògùn. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn aṣesìgá ti ń wá ewé tábà rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dàn apá ọ̀dọ̀ wa níbí sì bá ewé náà lára mu. Nigerian Tobacco Company ni àwọn bàbá wa ń pè ní "kọ́ńpìnnì". Ní 2000 ni ilé-iṣẹ́ yẹn àti British American Tobacco di ọ̀kan, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ sìgá ńlá sí Ìbàdàn ní 2003, ẹ̀ka wọn tí ó ń rí sí àwọn àgbẹ̀ sì wà ní Ìsẹ́yìn, ìdí ọ̀dọ̀ wa níbí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn láti ṣàlàyé: wọ́n á fún àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀ láwìn, òṣìṣẹ́ wọn á máa wá wo oko, bí ewé bá gbẹ tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, wọ́n á yọ owó wọn kúrò kí wọ́n tó san ìyókù. Nítorí náà, ẹni tí nọ́sìrì rẹ̀ bá kú ti jẹ gbèsè kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Ewu àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ tábà nìyẹn, ó sì máa ń wá kí ewé kan ṣoṣo tó kan oko.

Ẹnìkan tí mo sọ fún pé mo fẹ́ kọ nípa ewé tí wọ́n ń fà ní Òkè-Ògùn bi mí pé ṣé igbó ni. Rárá o. Igbó, òfin dè é. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1966 le débi pé ẹni tí ó bá gbìn ín lè kú sí i, tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 gbára. Wọ́n ti dẹ ìyẹn sílẹ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ṣì ni, àwọn NDLEA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 sì ń dáná sun oko rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn, ẹ ó rí i pé inú igbó kìjikìji Oǹdó, Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Ẹdó ni wọ́n sábà máa ń bá a, nínú igbó ọba tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má dáko sí. Ìyẹn nìkan ti jẹ́ ká mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni ó ń yan ilẹ̀ fún wọn. Tábà tiwa, gbangba ni, omi ni ó ń yan ilẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀.

Kí ni à ń pè ní irúgbìn tábà? Ẹ mú gírámù kan ṣoṣo. Irúgbìn tí ó wà nínú rẹ̀ ju 10,000 lọ. Ó dà bí ìyẹ̀fun aṣáà dúdú. Ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ní oúnjẹ nínú tí yóò fi la ilẹ̀ jáde, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń jí i. Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀ bí àgbàdo, ó parí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbìn ín sí oko tààrà. Wọ́n á pò ó mọ́ eérú tàbí yanrìn kí ojú lè rí ibi tí ó bọ́ sí, wọ́n á fọ́n ọn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sì máa bomi rin ín. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, á hù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, á tó hú lọ gbìn. Nígbà tí ó wà ní bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tó gígùn èékánná, bí orí ilẹ̀ bá gbẹ fún ọ̀sán kan péré, ó ti lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni a sì ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ tábà rẹ̀ tó gbìn nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò lè dúró de òjò kí ó tó fọ́n irúgbìn. Ní ìpínlẹ̀ wa, òjò tí ń rọ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bí 1,000 sí 1,200 mìlímítà lọ, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sì wà tí ojú ọ̀run kì í fún wa ní nǹkan kan. Àsìkò yẹn gan-an ni nọ́sìrì ń béèrè omi lójoojúmọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí bí àwọn àgbà ṣe ń wá ibẹ̀. Wọn kì í wá a lẹ́yìn ìkórè nígbà tí gbogbo odò kún. Ìparí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ni bàbá mi máa ń lọ yẹ odò wò fún ọdún tí ń bọ̀. Ó ní odò tí ó bá rẹ́rìn-ín sí ọ ní oṣù kẹwàá, kí o lọ kí i ní oṣù kẹta kí o tó gbà pé ọ̀rẹ́ ni. Bí odò bá ti gbẹ, wọ́n á gbẹ́ ihò sínú yanrìn ìdí rẹ̀ títí dé orókún. Bí omi bá sun sínú ihò náà, wọ́n á gbọ́n ọn gbẹ, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó tún kún. Èyí tí ó bá tún kún kí ènìyàn tó jẹ obì kan tán ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ohun tí àwa ń fi ẹ̀rọ àti aago wọ̀n nínú kànga nìyẹn: kì í ṣe iye omi tí ó wà níbẹ̀, bí kò ṣe bí omi ṣe ń padà wá sí.

Lẹ́yìn omi ni ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ odò ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú àkùrọ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ń gòkè díẹ̀ kúrò lẹ́bàá odò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó rọra dà, tí omi òjò yóò fi kọjá láì dúró, láì sì gbá bẹ́ẹ̀dì lọ. Ilẹ̀ tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ tí ó ní amọ̀ díẹ̀ tí yóò fi di omi mú. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan, ẹ fi omi tẹ́ ẹ, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́: bí ó bá fà gùn bí okùn láì já, amọ̀ ti pọ̀ jù, bí kò bá lè dúró lọ́wọ́ rárá, yanrìn lásán ni, omi yín yóò máa sá lọ sísàlẹ̀. Èyí tí ó bá di kókó kékeré tí ó sì fọ́ bí ẹ bá fi ìka kàn án, ẹ mú un. Igi kò gbọdọ̀ ṣíji bo ibẹ̀ láàárọ̀, nítorí òjìji àárọ̀ a máa jẹ́ kí ìrì pẹ́ lórí ewé, ìrì tí ó bá sì pẹ́ a máa pe àrùn. Kí ó má sì sí lójú ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ mumi. Odò tí ó wù yín ní oṣù kẹta, òun náà ni ó wù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀, torí ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀. Ọdún kan wà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kùn títí nítorí omi rírù. Ọrùn ń dùn wá, ilé-ìwé ń pẹ́ wa. Bàbá wa kò sọ nǹkan kan, àmọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sọ nọ́sìrì kalẹ̀ sínú àkùrọ̀, ẹ̀bá omi gan-an, kí ó lè rọ̀ wá lọ́rùn. Inú wa dùn. Tábà náà hù dáadáa, ó tilẹ̀ dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a hú u, òjò ńlá kan rọ̀ lóru, odò kún, omi dúró lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí omi fà, ewé náà ṣì dúró. Oòrùn yọ, gbogbo rẹ̀ dojú bolẹ̀ nínú ilẹ̀ tí ó tutù rinrin. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sáré lọ pọn omi sí i. Bàbá wa ní kó jókòó.

Ó gbà mí tó ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò ń mí. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí wà nínú àwọn ihò kéékèèké láàárín erùpẹ̀; bí omi bá kún gbogbo ihò náà, afẹ́fẹ́ inú wọn kì í pẹ́ tán. Gbòǹgbò tí kò lè mí kò lè fa omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ni ó wà. Nítorí náà ni ewé ṣe ń rọ. Tábà tilẹ̀ wà lára àwọn ewéko tí kò lè fara da irú ìyà yìí rárá. Lẹ́yìn náà, olú inú ilẹ̀ tí ó fẹ́ràn òtútù a gba ọrùn igi náà, á rà, á di dúdú, á sì ṣubú. Ní ọdún yẹn, bàbá wa lọ tọrọ ọmọ tábà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó gbìn ín pẹ́, ewé rẹ̀ kò fẹ̀, gbèsè ajílẹ̀ sì wọ ọdún kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò lọ sí ilé-ìwé ní ọdún yẹn. Kò sẹ́ni tó bá wa wí nípa kíkùn wa.

Omi rírù yẹn gan-an, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, kí ẹ lè mọ ohun tí a ń kùn sí. Bẹ́ẹ̀dì kan fẹ̀ ní mítà 1, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì gùn ní mítà 10. Bẹ́ẹ̀dì 10 irú rẹ̀ ni ó ń tọ́ ọmọ tábà tí yóò tó hẹ́kítà kan, nǹkan bí 15,000 igi tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lítà omi 1 lórí mítà 1 ní ìbú àti mítà 1 ní òró jẹ́ omi tí ó ga ní mìlímítà 1. Bí a bá da garawa méjì, lítà 20-20, sórí bẹ́ẹ̀dì kan lóòjọ́, mìlímítà 4 ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn wa, oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè fa mìlímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò lórí ilẹ̀ tí ó tutù lóòjọ́ kan. Koríko tí a fi bò ó ni ó ń dí àlàfo yẹn. Ẹni tí ó bá gbójú fo koríko, omi ni yóò fi ọrùn rẹ̀ san án.

Ó dáa. Bẹ́ẹ̀dì 10, garawa 20 lóòjọ́. Bí odò bá jìnnà ní 200 ìṣísẹ̀, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 400, ní ìgbà 20 ó jẹ́ 8,000 ìṣísẹ̀: nǹkan bí kìlómítà 6, ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ 50, ó di kìlómítà 300. Láti Ìpàpó títí dé Èkó kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé méjì ni, kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa bi mí nípa dáàmù Ìkéré Gorge lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ti dí odò Ògùn sí. Omi pọ̀ níbẹ̀. Èmi náà ti wò ó. Àmọ́ omi inú dáàmù kì í fúnra rẹ̀ gun òkè wá bá bẹ́ẹ̀dì tòmátì ní Ìpàpó, garawa ni àwọn àgbẹ̀ wa ṣì ń rù.

Bí a ṣe ń da omi náà ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. A kì í da garawa sórí irúgbìn tábà gbàà, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sí igun kan. Àwa máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí agolo, omi á máa rọ̀ bí òjò kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí gbòǹgbò bá ti lọ sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kí ó pọ̀ kí ó wọlé. Nígbà tí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí a hú u, a ó fi òùngbẹ ṣe é díẹ̀. Ọmọ tábà tí a fi omi kẹ́ títí dé ọjọ́ ìhú kò lè dúró nínú oko lọ́jọ́ tí òjò bá fà sẹ́yìn.

Ẹ tún wo ẹni tí ó wà lókè odò. Nígbà kan, ibi tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ ni à ń bẹ̀rù. Lónìí, oògùn apakoríko ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń fọ ẹ̀rọ ìfọ́n-oògùn wọn nínú odò, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi kẹ́ẹ̀gì oògùn náà pọn omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2,4-D, tábà àti tòmátì kò lè fara da ẹ̀kán rẹ̀: ewé á lọ́, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, á ká bí èékánná ẹyẹ. Lókè ibi tí wọ́n ti ń fọ nǹkan ni kí ẹ ti máa pọn omi nọ́sìrì, kí kẹ́ẹ̀gì ibẹ̀ sì jẹ́ ti ibẹ̀ nìkan.

Ó kù èyí tí ó jẹ́ pé, bí n bá ní láti mú ẹyọ kan, òun ni n óò mú. Ọdún kan ṣoṣo ni à ń lo ojú nọ́sìrì kan. Bàbá mi kì í fi tábà sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn bí ó bá rí ibòmíràn. Kí ó tó fọ́n irúgbìn, á kó igi gbígbẹ jọ sórí ilẹ̀ náà, á dáná sun ún títí ooru á fi wọ inú ilẹ̀. Ó ní òun ń lé "àìsàn ilẹ̀" lọ ni. Òtítọ́ ni. Ooru yẹn ń pa irúgbìn koríko, ó ń pa olú, ó sì ń pa àwọn aràn tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwa ń pè ní nematode. Àwọn aràn wọ̀nyí a máa wọ inú gbòǹgbò, wọ́n á jókòó síbẹ̀, gbòǹgbò á sì wú yí wọn ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbòǹgbò tí ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ kò lè fa omi tí ó tó. Ní Zimbabwe, níbi tí tábà ti pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì, wọ́n a máa gbin koríko kan tí wọ́n ń pè ní Katambora sí orí ilẹ̀ tábà fún ọdún mélòó kan, nítorí ebi a máa pa aràn náà lórí rẹ̀. Àwọn bàbá wa kò gbin koríko kankan, wọ́n kàn ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀dàn ni.

Ibí ni tábà àti tòmátì ti pàdé. Ìdílé kan náà ni tábà, tòmátì, ata àti ikàn. Ohun tí ó bá ń bá ọ̀kan jà máa ń mọ ilé àwọn yòókù. Àrùn tí ó ń kun ewé tábà ní àwọ̀ ewé àti òféfèé ni ó tilẹ̀ jẹ́ kí ayé mọ ohun tí ń jẹ́ vírọ́ọ̀sì: Ivanovsky ní Rọ́ṣíà ní 1892 rí i pé oje ewé tó ń ṣàìsàn ṣì ń kó àrùn ran ewé mìíràn lẹ́yìn tí ó ti sẹ́ ẹ nínú asẹ́ tí kòkòrò bakitéríà kò lè gbà kọjá, Beijerinck ní Netherlands sì tẹ̀ lé e ní 1898. Vírọ́ọ̀sì kan náà yẹn ń bá tòmátì àti ata jà, ó sì lè wà nínú sìgá tó ti gbẹ. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní nọ́sìrì yín bá ń fa sìgá tàbí tó ń fín aṣáà, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó kan ọmọ tòmátì. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni.

Mo wá padà sí ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ewéko tí ó ń rọ nínú omi, ó kéré tán, ohun mẹ́ta ni ènìyàn gbọ́dọ̀ wò kí ó tó dá omi kún un. Ṣé gbòǹgbò ń rì ni? Mo ní kí ó gbẹ́ ihò dé orókún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó da omi kún un, kí ó jẹ́ kó wọlẹ̀, kí ó tún da á kún nírọ̀lẹ́, kí ó wò ó láàárọ̀. Ó ní kò ku ẹ̀kán kan. Ṣé bakitéríà ló dí ọ̀nà omi nínú igi rẹ̀? Mo ní kí ó gé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ nítòsí ìdí, kí ó fi ojú ibi tí ó gé sínú ife omi tó mọ́, kí ó má mì ín. Bí ó bá jẹ́ òun ni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan funfun bí okùn wàrà á máa ṣàn jáde láti inú igi náà. Ó dúró, kò rí wàrà. Nígbà náà ni mo ní kí ó fi ọ̀bẹ wú ọ̀kan pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, kí ó má fà á, kí ó fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀ wò.

Àwòrán tí ó fi ránṣẹ́, ẹ bá jẹ́ kí n fi hàn yín: ìlẹ̀kẹ̀ ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó bi mí pé, "Sà, tábà tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, báwo ni aràn rẹ̀ ṣe máa ṣì wà níbẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Mo bi í ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ lẹ́yìn tábà. Ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tí wọ́n ń lo ẹ̀bá odò náà. Ilá ni, ewédú ni, ṣọkọ̀ ni, lọ́dọọdún, torí omi wà nítòsí. Nínú gbogbo ohun tí aràn yìí lè jẹ, bóyá ni ó fẹ́ràn èyí tó ju ilá àti ewédú lọ. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kúrò níbẹ̀ títí di òní, ẹnì kan kò febi pa wọ́n. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, omi wà nítòsí: gbogbo ohun tó fà á wá síbẹ̀ ló fa gbogbo ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

Kò sí oògùn tí mo lè kọ fún ọmọ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wú báyẹn. Mo ní kí ó má hú wọn lọ sí oko, torí aràn náà yóò bá wọn lọ. Ó dùn ún. Ó gbìyànjú láti dá apá kan sí, èyí tí kò tíì rọ. Mo ní kí ó wú márùn-ún nínú wọn wò. Mẹ́rin ní ìlẹ̀kẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì sun ún.

A wá ibòmíràn. Ó rìn gòkè láti ibi igi irú náà, ó rí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí koríko bẹẹrẹ ti bò láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú, kò sẹ́ni tó dá a rí torí ó jìnnà sómi. Ó yí erùpẹ̀ rẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó fọ́. Ó fi igi gbígbẹ sun bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin péré, kì í ṣe mẹ́wàá, torí owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ra ju irúgbìn mẹ́rin lọ. Ó ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé odò: 160. Garawa mẹ́jọ lóòjọ́, ó ní òun àti àbúrò òun á máa rù ú. Ó bi mí bóyá kí òun ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbẹ́ ihò sínú yanrìn odò náà, kí ó gbọ́n ọn gbẹ, kí ó sì wo aago. Ìṣẹ́jú 40 ni ó tó kún. Ẹ̀rọ á fa ihò náà gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, á wá máa fa afẹ́fẹ́. Ó fi owó ẹ̀rọ sílẹ̀, ó gbẹ́ ihò kejì àti ìkẹta.

Lánàá, ó fi àwòrán ránṣẹ́. Tòmátì rẹ̀ ti hù, ewé méjì-méjì, lábẹ́ koríko. Mo ní kí ó wú ọ̀kan wò ní ọ̀sẹ̀ kẹta.